Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan tí ẹ tà fún wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ₦38,000 tí kálukú wa san fún yín lọ̀rọ̀ wà. Ilé Ọlọ́runṣògo ti Balógun Kúkù, ère Ọbańta, ibojì Bílíkísù Súngbọ́ ní Òkè-Ẹ̀rì àti Erédò, yàrà àti odi àtijọ́ tí wọ́n ní Súngbọ́ ló ní kí wọ́n gbẹ́, ló wà nínú ìwé tí ẹ fún wa. Èyí tí a rí níbẹ̀ kò tó ìdajì. Ọkọ̀ kò bàjẹ́, ọlọ́pàá kò sì dá wa dúró. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ni kò mọ ìlú.

Ọjọ́ tí ẹ mú ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ìgbà Agẹmọ, ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni. Nígbà tí àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, àwọn àwòrò rẹ̀, bá ń gbé ẹrù wọn kọjá, obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn án, inú ilé ni wọ́n ń wà. Ẹ wá kó obìnrin kún ìdajì bọ́ọ̀sì! Gbọ̀ngàn tí ẹ ti fún wa lóúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n há mọ́, ilẹ̀kùn títì, kọ́tìnì fífà, títí ọ̀sán fi pọ́n. Kì í ṣe ohun àṣírí rárá. Júláì ni Agẹmọ sábà máa ń bọ́ sí, wọ́n sì máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ kó àlejò wá fi ní láti pe ará ìlú kó tó gbowó. Ẹ kò pè.

Àwa ọkùnrin tí a jáde náà, ẹnu géètì la ti wo Ọlọ́runṣògo. Ilé ẹbí ni, ẹ kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

Erédò wá kù, ẹ fi í sí ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn òjò. Yàrà ni wọ́n gbẹ́ wọnú ilẹ̀ pupa, tí wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ di odi. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí 20 mítà níbi tó ti ga jù, gígùn gbogbo rẹ̀ sì tó 160 kìlómítà. Ògiri rẹ̀ nàró ṣánṣán, igi ṣíji bò ó, nítorí náà tí òjò bá ti rọ̀, ìsàlẹ̀ kì í tètè gbẹ. Erùpẹ̀ ìdí gbòǹgbò tó wà létí òkè a sì máa já wálẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹni tó mọ ibẹ̀ dúró sídìí ògiri ya fọ́tò. Àárọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú bàtà tó bo ẹsẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, kí okùn sì wà lára igi níbi tí wọ́n ń bá sọ̀kalẹ̀. Ìwé yín ní ká wọ ohun tó bá wù wá. Sálúbàtà ló pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ èrò, kò sẹ́ni tó lè sọ̀kalẹ̀.

Afinimọ̀nà yín ní ọdún 1897 ni Òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ti Bìní nìyẹn! Oṣù Karùn-ún 1892 ni ti Ìmàgbọ̀n, Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ló wà lórí oyè, Ẹ̀pẹ́ sì ni àwọn ọmọ ogun náà ti gbéra wá. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kan náà la gbà lọ sí Erédò. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti pìtàn, fóònù ló ń tẹ̀. Ó tún fi gbogbo ẹnu sọ pé Súngbọ́ ni Ọbabìnrin Ṣébà. Ohun tí àwọn ará Òkè-Ẹ̀rì gbà gbọ́ ni, kò sì burú kó pè é ní ìtàn àtẹnudẹ́nu. Àmọ́ ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún, nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi Erédò sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ẹṣin Ojúde Ọba tí ẹ kọ “lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀” sí kúrò nínú ìpolówó yín. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Gbogbo owó àwọn obìnrin ni kí ẹ dá padà, àti ìdajì tiwa, láàárín ọjọ́ 14. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó gbé ìwé yìí àti rìsíìtì lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà. Nọ́ńbà àkáǹtì kálukú wà lórí fọ́ọ̀mù tí a fi sanwó.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn oníbàárà yín