Lẹ́tà Ìparí Sáà Kẹta sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Oṣù Keje, 2026

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú òjò. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí gbogbo wa jèrè wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24, oṣù yìí ni ilé ìwé yóò parí. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án ni a ó wọlé. Àwọn SS3 ti ṣe WAEC tán. Èsì ìdánwò yòókù wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Yàrá ìkàwé wa, tí mo ti ń là kàkà lé lórí láti ọjọ́ tí mo ti dé, ti wá kún fún ìwé tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ JSS1 kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó fi ìwé ta wá lọ́rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwòrán tí ẹ ti rí lórí WhatsApp. Kì í ṣe àṣírí kan ló tú. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ló ní kí àwọn ọmọ SS2 gbé abọ́ pẹlẹbẹ onídèérí, tí ágà, oúnjẹ tí a fi ń hu kòkòrò àìfojúrí, dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù, sí àwọn kíláàsì, kí wọ́n ṣí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì fi í pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ohun tó bá bọ́ sí i láti inú afẹ́fẹ́ yóò hù. Ó sì hù: bakitéríà róbótó-róbótó, àti fọ́ńgọ́sì onírun, dúdú àti aláwọ̀ ewé. Ẹnìkan ya fọ́tò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun tí àwọn ọmọ wa ń mí símú nìyí. Láti ìgbà náà ni fóònù mi ò ti sinmi.

Kò sí yàrá tí èèyàn ń lò tí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ò ní hu nǹkan, pálọ̀ tèmi àti tiyín náà wà níbẹ̀. Ara àwa èèyàn ni ọ̀pọ̀ bakitéríà inú kíláàsì ti ń wá: awọ ara wa, ikọ́ wa, ekuru tí ìgbálẹ̀ gbé dìde. Ìdí nìyí tí abọ́ tí wọ́n ṣí nígbà tí kíláàsì kún fi hu ju èyí tí wọ́n ṣí lẹ́yìn ìjáde lọ. Fọ́ńgọ́sì ń ti ìta wọlé, ibi tó bá rin ló sì ti ń gbilẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹbí fọ́ńgọ́sì Penicillium ló bọ́ sínú abọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alexander Fleming ní 1928 tí ayé fi rí oògùn pẹnisílíìnì tó ń pa bakitéríà. Síbẹ̀, yàrá tó bu lè dá èémí ọmọ alásímà láàmú, mi ò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyẹn.

Wọ́n ní abọ́ yàrá ìkàwé ló burú jù. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn òbí kan ló bẹ̀ wá fún kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ amúlétutù tó jẹ́ ká máa ti fèrèsé pa. Òrùlé jò sórí kápẹ́ẹ̀tì náà nínú òjò oṣù Kẹfà, ohun tó bá sì rin tí kò gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò bu. A ti ká a kúrò. Yàrá ìkàwé ò ní kógbá wọlé torí ìyẹn.

Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ pe ilé àyẹ̀wò wá ka kòkòrò inú afẹ́fẹ́. Rárá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2009 lórí ilé tó ń rin kò fi iye kankan lélẹ̀ pé bó bá ti kọjá báyìí, ó ti léwu. Ohun tó wí ni pé kí a má jẹ́ kí ilé rin. Imú wa ti sọ ibi tó rin fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó sì ní kí a kàn kun ọ̀dà, omi ló ń bọ́ fọ́ńgọ́sì, ọ̀dà ò dí ibi tí òrùlé ti ń jò.

Nítorí náà, owó àtúnṣe ní sáà tó ń bọ̀ di ₦8,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ₦3,500 mọ́. Mo mọ bí ọjà ṣe rí. Ẹ bá mi béèrè iye páànù. A ó pààrọ̀ òrùlé yàrá ìkàwé àti ti SS, a ó sì la fèrèsé sí ògiri kejì ní kíláàsì JSS1, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìhín wọlé, kó gba ọ̀hún jáde. Owó yìí kò ní ìdajì, kò sì ní "mo ń bọ̀". Ìwé ẹ̀rí báǹkì ni ọmọ yóò fi wọlé.

Láti ìsinsìnyí, a ó máa wọ́n omi kí a tó gbálẹ̀, fèrèsé yóò sì wà ní ṣíṣí àfi bí òjò tàbí ekuru ọyẹ́ bá ń wọlé. Kí òbí ọmọ alásímà fi orúkọ rẹ̀ àti inhaler kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìwọlé. Ọmọ SS2 tó bá tún gbé fóònù wá, a ó gbà á, òbí rẹ̀ ni yóò sì wá gbà á ní ìparí sáà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà