Ojúṣe Tó Ṣáájú Ọjọ́ Ìdìbò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, níbi tí o ti sọ pé o kò ní dìbò nítorí pé ìbò ẹnì kan kò já mọ́ nǹkan láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Lóòótọ́, ìbò 537 péré ni wọ́n fi kéde ẹni tó borí ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, òun náà ló sì di ààrẹ; ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, n kò sì fẹ́ kí o gbé ojúṣe rẹ ka orí ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Ohun tí mo rò ni pé ẹrù àjọgbé ni ìjọba tiwa-n-tiwa. Ẹni tó ń jẹ àǹfààní òfin, tó wá fà sẹ́yìn nígbà tó kan yíyan àwọn tí yóò ṣòfin, ti gbé ẹrù tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí, òfin náà yóò sì de àwọn ọmọdé tí kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò.

Síbẹ̀, òtítọ́ kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí n kò lè fojú fò: o ní ẹni tó dìbò láìmọ ohun tó ń ṣe lè pa ìlú lára ju ẹni tó jókòó sílé lọ. Mo gbà. Ní Ọsirélíà, àwọn tó dìbò ní ọdún 1922 kò tó 60 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Òfin sọ ọ́ di dandan ní 1924, nígbà tó sì di 1925, wọ́n ti lé ní 90. Òfin mú wọn dé ìdí àpótí, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè bá ènìyàn ronú. Nítorí náà, lójú tèmi, kí ọjọ́ ìdìbò tó dé ni ojúṣe yìí ti ń bẹ̀rẹ̀: kí o mọ agbára tí ipò náà ní, kí o wádìí ohun tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ti ṣe sẹ́yìn, kí o sì béèrè ẹni tí ìlérí rẹ̀ yóò ni lára. Bí ara rẹ kò bá yá lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ lẹ́bi.

Ka ètò àwọn olùdíje náà, kí o sì kọ̀wé sí mi. Bí o bá tún sọ lẹ́yìn náà pé o kò rí ẹni tí o lè dìbò fún, n ó gbà pé ẹ̀rí ọkàn rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà sú ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.