Òrìṣà tí ó pe ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde lórí àwọn ère idẹ tí wọ́n jí kó ní gúúsù Íńdíà, tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun ti ń dá padà díẹ̀díẹ̀, inú mi sì dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé iye owó tí wọ́n ra ère àti ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni akọ̀ròyìn yín ń kà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lójú àwọn tí wọ́n ń sin Shiva, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá ẹ̀sìn Híńdù, ère náà kì í ṣe ẹrù. Ẹni kan ni, ó nílé, ó nílẹ̀, òfin Íńdíà sì gbà pé ó lè pe ènìyàn lẹ́jọ́. Tí a kò bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a kò ní mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jà sí.

Nataraja, ìyẹn Shiva tí ń jó, ni àròkọ yín pè ní àwòrán abàmì. Lábẹ́ àwọn ọba Chola, tí wọ́n jọba ní ilẹ̀ Tamil ní gúúsù Íńdíà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án títí di ìkẹtàlá, ni irú ère yìí gbilẹ̀. Ọwọ́ mẹ́rin ni ó ní, kò sì sí èyí tí ó wà fún ẹ̀ṣọ́ lásán: ọwọ́ ọ̀tún ti òkè di ìlù kékeré tí ìró rẹ̀ ń dá ayé, ti òsì gbé iná tí ń pa ayé rẹ́ dání, ọwọ́ ọ̀tún ti ìsàlẹ̀ ṣí àtẹ́lẹwọ́ sí olùjọ́sìn pé kí ó má fòyà, ti òsì sì ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ tí ó gbé sókè, níbi tí ẹni tí ó bá sá di òrìṣà náà yóò ti rí ààbò. Aràrá tí ẹsẹ̀ kejì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń jẹ́ Apasmara, àìmọ̀kan sì ni wọ́n fi í ṣàpẹẹrẹ.

Ní ìlú Swamimalai, nítòsí Kumbakonam, àwọn ìdílé kan ṣì ń ṣe irú ère bẹ́ẹ̀ títí di òní. Wọn a fi ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ oje igi mọ ọ́n, wọn a fi amọ̀ odò Kaveri bò ó, wọn a yọ́ ìda náà jáde lórí iná, wọn a sì da idẹ yíyọ́ sí ipò rẹ̀. Ọ̀nà ìda yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, nítorí òun náà ni àwọn oníṣẹ́ Ifẹ̀ àtijọ́ fi ṣe àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn, àfi pé inú orí Ifẹ̀ ṣófo, nígbà tí ti Swamimalai dì látòkè délẹ̀. Síbẹ̀, idẹ lásán ni títí wọn yóò fi la ojú rẹ̀, tí àwọn àwòrò yóò sì fi ètùtù pe ẹ̀mí sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn a máa jí i láàárọ̀, wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a fún un lóúnjẹ, wọn a wọ aṣọ ṣẹ́dà àti òdòdó fún un débi pé ojú rẹ̀ nìkan ni olùjọ́sìn sábà máa ń rí. Ìhòòhò idẹ tí a ń wò nínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó ṣe é ní lọ́kàn pé kí a máa wò.

Òkúta tí ó dúró fún òrìṣà nínú yàrá ìkẹyìn tẹ́ńpìlì kì í kúrò lójú kan. Ère idẹ ni ó ń jáde lọ́jọ́ ọdún, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi lu ihò sí ìdí rẹ̀ fún ọ̀pá tí wọn yóò fi gbé e. Àwọn kan máa ń sọ pé òrìṣà ń jáde wá bá àwọn tí kò lè wọlé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì mọ́ àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn nítorí ìran tí a bí wọn sí. Ní Travancore, ìjọba ọba kan ní gúúsù Íńdíà nígbà náà, ọdún 1936 ni ọba ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i fún wọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe pọ́n ọn ju bí ó ṣe rí lọ: ìwọ́de náà sábà máa ń yẹ àdúgbò wọn sílẹ̀, èyí sì ṣì ń dá wàhálà sílẹ̀ ní abúlé púpọ̀.

Ní ti òfin, ìdílé kan ní ìlú Calcutta ní Íńdíà ni wọ́n bá ara wọn dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, lórí bóyá ẹnì kan nínú wọn lè gbé òrìṣà ìdílé lọ sí ilé tirẹ̀ nígbà tí ìsìn bá kàn án. Ìdájọ́ tí ó jáde ní 1925 ni pé òrìṣà kì í ṣe àga tàbí àpótí tí a kàn ń gbé kiri, pé ó ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, ó sì yẹ kí aṣojú kan sọ ọ́ fún un níwájú ilé ẹjọ́. Bí ọmọ tí kò tíì tójú bọ́ ni òfin ṣe ń wò ó títí di òní, tí alágbàtọ́ ń gbẹnu sọ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gba Nataraja ti abúlé Pathur sílẹ̀. Ó jọ pé ńṣe ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀ láyé ogun kí ó má bàa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ní 1976, lébìrà kan tí ń gbẹ́lẹ̀ bá a pàdé. Ó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ilé iṣẹ́ kan láti Kánádà fi rà á ní 1982 ní pọ́n-ùn 250,000, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù sì gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, tẹ́ńpìlì Pathur ti di òkìtì àwókù. Síbẹ̀, òkúta Shiva tí ó ṣẹ́ kù níbẹ̀ wà lára àwọn olùpẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà ní 1991 pé tẹ́ńpìlì náà lè bèèrè ohun ìní rẹ̀. Ère náà padà sí Íńdíà lọ́dún kan náà.

N kò sọ pé òfin yìí kò léwu. Òrìṣà Ram Lalla, ìyẹn òrìṣà Híńdù tí ń jẹ́ Rama nígbà èwe rẹ̀, jẹ́ olùpẹjọ́ nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tí àwọn Híńdù àti Mùsùlùmí jọ ń jà sí ní ìlú Ayodhya, òun sì ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Íńdíà dá láre ní 2019, lórí ilẹ̀ tí mọ́sáláṣí Babri wà kí àwọn jàǹdùkú tó wó o ní 1992. Àwọn Mùsùlùmí gba éékà ilẹ̀ márùn-ún níbòmíràn. Òrìṣà tí ènìyàn ń gbẹnu sọ fún lè sọ ohun tí olóṣèlú bá fẹ́ kí ó sọ.

Àròkọ yín parí síbi tí ère ti délé. Nataraja ti abúlé Sripuranthan, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Ọsirélíà rà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ní 2008, padà ní 2014, ṣùgbọ́n ilé tí ìjọba Tamil Nadu ń kó irú ère bẹ́ẹ̀ pa mọ́ sí ní Kumbakonam ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lẹ́yìn ìpadàbọ̀, nítorí tẹ́ńpìlì abúlé kò ní ẹ̀ṣọ́ tí ó lè dá olè dúró. Lójú tèmi, èyí kò tó. Àwa náà ní irú àríyànjiyàn yìí nílé: ní 2023 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé Ọba Benin ni ó ni àwọn ère Benin tí ó bá padà, àwọn kan sì ń jiyàn pé ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ni. Ọba àti ìjọba nìkan ni gbogbo wa ń dárúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí akọ̀ròyìn yín tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn àwòrò abúlé wọ̀nyẹn bí wọ́n ṣe ń bọ òrìṣà tí ó wà lábẹ́ àgádágodo ìjọba.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn