Ẹ má tíì lé Bàbá Aláàrò

Detroit, Michigan
5 Oṣù Kẹwàá, 2023

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó ilé. Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Ó ti pé oṣù méjì tí ẹ ti bi mí léèrè bóyá ká lé Bàbá Aláàrò, tó ń bá wa dáná búrẹ́dì láti ayé Bàbá wa, ká fi ọ̀dọ́ rọ́pò wọn, mi ò sì fèsì. Lẹ́yìn náà lẹ rí fọ́tò mi lórí WhatsApp ní pápá béésìbọ́ọ̀lù, ẹ wá ní eré ni mò ń fi owó ààrò wò. Ẹ̀gbọ́n mi, kọ́bọ̀ kan ò kúrò lápò mi. Bàbá kan tí mò ń tọ́jú nílé àwọn arúgbó ló fẹ́ lọ, àwọn ọmọ wọn ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo ti kẹ̀kẹ́ wọn. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, wọ́n sì sanwó ọjọ́ náà fún mi. Owó ààrò ò sọnù, ó ń bọ̀.

Àmọ́ ohun tí mo rí ní pápá yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Miguel Cabrera, ọmọ Fẹnẹsúẹ́là tó ń gbá fún ẹgbẹ́ Tigers ti ìlú yìí, ló gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ọmọ ogójì ọdún ni, láti 2008 ló sì ti wà lọ́dọ̀ wọn. Ní 2012, nínú líìgì tí wọ́n ń gbá, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi tó o, ìgbà 44 ni. Kò sẹ́ni tí gbígbá rẹ̀ mú ẹlẹgbẹ́ sá wálé gba àmì ayò tó o. Kò sì sẹ́ni tí kóńdó rẹ̀ ń bá bọ́ọ̀lù dáadáa tó o. Láti 1967 ni ẹnì kan ò ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Bàbá tí mò ń tọ́jú yìí, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ mọ́tò ni wọ́n nígbà ayé agbára wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀ ọdún yẹn kí omijé má bọ́.

Ní 2014, nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le, tí àdéhùn ti tẹ́lẹ̀ ṣì ku ọdún méjì, ẹgbẹ́ náà fi ọdún mẹ́jọ kún un fún mílíọ̀nù dọ́là 248. Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀. Ní 2017, ẹ̀yìn. Ní 2018, iṣan apá já. Orúnkún tẹ̀lé e. Ẹni tó gbá 44 kọjá odi, márùn-ún péré ló gbá ní 2022, mẹ́rin lọ́dún yìí, mílíọ̀nù 32 sì ni owó rẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ̀ ń sọ nípa Bàbá Aláàrò náà làwọn èèyàn ń sọ níbí: pé ó jókòó sáyè ọ̀dọ́, pé owó rẹ̀ tó ra ẹni mẹ́ta. Irọ́ kọ́. Ní 2019, ìgbà 114 ni wọ́n na ẹgbẹ́ yìí lọ́dún kan ṣoṣo. Èmi náà máa ń bá bàbá mi yìí, ẹni tí mò ń tọ́jú, jiyàn lóru, mo ní kí wọ́n sanwó Cabrera fún un kó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ, mi ò ní purọ́ fún yín.

Oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá ló yí mi lọ́kàn padà. Gbígbá kan ṣoṣo tó ń múni dé béèsì, ibùdó tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá lọ, ló kù kí tirẹ̀ pé 3,000, èèyàn 32 péré ló sì ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn Yankees wá láti New York. Nígbà tó kàn án gbẹ̀yìn, wọn ò ju bọ́ọ̀lù sí i rárá kó má bàa gbá a, wọ́n ní kó kàn máa rìn lọ sí béèsì kìíní. Ẹ ò bá gbọ́ ariwo! Gbogbo pápá hó lé wọn lórí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbá a, bàbá mi sì na ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo wá bi ara mi pé, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń nà lọ́dọọdún, kí làwọn èèyàn wọ̀nyí ṣì ń wá wò bí kì í bá ṣe òun? Verlander, ajubọ́ọ̀lù wọn tí òun náà jẹ́ àyànfẹ́, wọ́n fún ẹgbẹ́ Houston ní 2017, ọdún yẹn gan-an ló gba ife níbẹ̀.

Ohun kan tún wà. Mike Ilitch ló ni ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn yẹn. Ó kú ní 2017, Chris ọmọ rẹ̀ ló ń darí rẹ̀ báyìí. Bàbá ló ṣèlérí, ọmọ ló san án. Ẹ lè ní ìwé ló dè é. Òótọ́ ni, ìwé ló de owó. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó ní kí wọ́n tún gbé e dúró ní béèsì kìíní lọ́jọ́ Àìkú, níbi tí kò dúró sí mọ́ láti 2021. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá yí sílẹ̀ ní abala kẹjọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wá. Ó gbé e, ó fẹsẹ̀ tẹ béèsì, ẹni tó gbá a jáde nínú eré, eré dúró. Gbogbo wa dìde. Bàbá mi tí kò lè dìde gbá ọwọ́ mi mú.

Bàbá Aláàrò ò ní ìwé, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá wa nìkan ni wọ́n ní. Ṣé ẹ rántí pé ojú wa ni Bàbá wa ṣe sọ fún Bàbá Aláàrò pé bí ààrò yìí bá ṣì ń jó, wọn ò ní wáṣẹ́ kiri? Ta ló ń dáná nígbà tí Bàbá wa dùbúlẹ̀ àìsàn? Ta ló kọ́ ọmọkùnrin tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò wọn ní bí wọ́n ṣe ń po fùláwà?

Mi ò ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ òru. Búrẹ́dì tó jóná lẹ́ẹ̀mejì yẹn dùn mí bó ṣe dùn yín. Àwọn Tigers náà ò jẹ́ kí Cabrera ṣọ́ pápá mọ́, kò sì gbá ju eré 98 lọ nínú 162 lọ́dún yìí. Kí ọmọkùnrin yẹn máa kó búrẹ́dì sínú ààrò lóru, kí Bàbá máa wá láàárọ̀ wo iná àti fùláwà tí wọ́n pò. Owó wọn ò gbọdọ̀ dín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ó rọrùn fún ẹni tí kò sí nílé láti pàṣẹ. Nítorí náà, èmi ni n ó máa san owó oṣù wọn láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ má yọ ọ́ nínú owó búrẹ́dì. Owó ààrò yóò wọlé lọ́jọ́ Ajé, mo ti gba iṣẹ́ òru méjì kún tèmi nítorí rẹ̀.

Ṣé ẹ ti bá wọn sọ ohunkóhun? Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bá wọn lónìí. Bí ẹ ò bá tíì sọ ọ́, ẹ dúró kí n pè yín lálẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Àbúrò yín