Ẹ wo họ́bù kẹ́ ẹ tó ra bíréèkì dísìkì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí sójú ìwé yín fún àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ bíréèkì kẹ̀kẹ́ orí òkè wọn sí oní-dísìkì, ìyẹn èyí tó ń di àwo irin pẹlẹbẹ mú láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bíréèkì ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ rà. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé ìdí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń rí i pé họ́bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí sípóòkù ti ń jáde, kò níbi tí dísìkì lè jókòó sí. Owó tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á wá fi ra ẹsẹ̀ méjì, èyí tó bá ṣáà ti pọ́ọ́kú. Òdìkejì ló yẹ kí wọ́n ṣe. Bíréèkì dísìkì oníwáyà tí kò wọ́n máa ń dá kẹ̀kẹ́ dúró dáadáa bí wọ́n bá tò ó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí kò dára á máa jó, sípóòkù rẹ̀ á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí bíréèkì tó lè gba irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ là.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ wo férémù àti fọ́ọ̀kì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú. Ibi tí wọ́n ń de bíréèkì mọ́ gbọ́dọ̀ wà lápá òsì àwọn méjèèjì: ihò bóòtù méjì tí àárín wọn jẹ́ mìlímítà 51, tàbí 74 lára irú kejì. Bí kò bá sí lára fọ́ọ̀kì, ẹ má ṣe wá irin tí wọ́n ń fi bóòtù há mọ́ ọn. Wọn ò ṣe ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ láti gba agbára dísìkì, ó sì lè ṣẹ́. Fọ́ọ̀kì mìíràn ni kẹ́ ẹ rà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn àlàfo tí họ́bù ń wọ̀. Lára kẹ̀kẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀, iwájú máa ń jẹ́ mìlímítà 100, ẹ̀yìn 135, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọwọ́ ìfidì (ọwọ́ kékeré tí ẹ fi ń dè é tàbí tú u láìlo kọ́kọ́rọ́) ló sì máa ń dì í mú. Àwọn tuntun ń lo ọ̀pá nínípọn tó gba inú họ́bù kọjá: 100 tàbí 110 níwájú, 142 tàbí 148 lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ 142 kò ṣeé fipá tì sínú àlàfo 135. Nọ́ńbà tó wà lára táyà ni kẹ́ ẹ fi ra rímù: 559 ni ti íǹṣì 26, 584 ni ti 27.5, 622 ni ti 29.

Họ́bù ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ náwó lé jù. Ẹ béèrè bóyá fíríwíìlì ni wọ́n ń dè mọ́ ọn ni tàbí kásẹ́ẹ̀tì. Fíríwíìlì ni èyí tí eyín (àwọn àwo onéyín tí ṣéènì ń gùn) àti ohun tó ń dún nínú rẹ̀ bí ẹ kò bá wà á jẹ́ odidi kan, tí ẹ ó yí kúrò lára họ́bù lẹ́ẹ̀kan náà. Kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ eyín lásán tó ń wọ̀ sórí fíríhọ́bù, ìyẹn apá họ́bù tí ohun tó ń dún wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dún á dúró sára họ́bù. Nínú họ́bù onífíríwíìlì, bẹ́ríǹ apá ọ̀tún wà nínú lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí sípóòkù ti wọlé. Ọ̀pá họ́bù á wá yọ síta gbọọrọ láìsí ohun tó gbé e ró: ṣéènì ń fà á, ìwúwo ẹni tó gùn ún ń tẹ̀ ẹ́. Lójú ọ̀nà olókùúta, á tẹ̀, á sì ṣẹ́. Nínú èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, bẹ́ríǹ ọ̀tún súnmọ́ ìpẹ̀kun ọ̀pá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹsẹ̀ oní-dísìkì tó pọ́ọ́kú jù ló jẹ́ onífíríwíìlì, bó ti wù kí rímù rẹ̀ máa dán tó. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rà á fún orí òkè. Bí àwo onéyín ẹ̀yìn yín bá jẹ́ 7, fíríhọ́bù tí wọ́n ṣe fún 8, 9 tàbí 10 á gbà á bí ẹ bá kọ́kọ́ fi òrùka mìlímítà 4.5 sẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì.

Ní ti bí dísìkì ṣe ń jókòó, oníbóòtù 6 ni mo fara mọ́ jù, torí pé kọ́kọ́rọ́ T25 (olórí bí ìràwọ̀) kan péré ló ń tú u, dísìkì rẹ̀ sì wà káàkiri. Ẹ mú bóòtù náà le díẹ̀díẹ̀ ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Alumíníọ̀mù ni họ́bù. Bí ẹ bá fi tipátipá yí bóòtù títí ojú ìyí inú rẹ̀ fi jẹ, họ́bù yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ríǹ oníkóònù, èyí tí kóònù irin ń di bọ́ọ̀lù kéékèèké mú nínú họ́bù, kò burú. Kóònù àti bọ́ọ̀lù ṣeé pààrọ̀, gíríìsì ò sì wọ́n. Àmọ́ bí gíríìsì bá gbẹ tí ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ń yí sí nínú họ́bù fúnra rẹ̀ bá ti jẹ, kò lóògùn mọ́. Bẹ́ríǹ tó bá ń mì máa ń jẹ́ kí dísìkì máa ha páàdì bíréèkì, àwọn èèyàn á sì máa bá bíréèkì jà láìnídìí.

Wàyí o, sípóòkù. Bíréèkì onírímù ń di rímù mú níta. Dísìkì ń di họ́bù mú láàárín, sípóòkù ló sì ń gbé agbára náà lọ bá rímù. Nítorí náà, sípóòkù tó lọ tààrà láti họ́bù sí rímù láìkọjá ara wọn kò bójú mu fún dísìkì, ìbáà jẹ́ níwájú. Sípóòkù 32, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjá mẹ́ta mìíràn, ni kẹ́ ẹ wá; 36 fún ẹni tó wúwo tàbí tó ń rù ẹrù. Kó jẹ́ irin tí kì í dógùn-ún, kí nọ́ọ̀tì kékeré tó ń dì í mọ́ rímù sì jẹ́ idẹ. Ti alumíníọ̀mù fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ mọ́ sípóòkù, orí rẹ̀ á sì gé nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i.

Ọ̀pọ̀ rò pé sípóòkù tó le jù ló ń já. Èyí tó dẹ̀ ló ń já jù. Nígbà gbogbo tí ẹsẹ̀ bá yí, èyí tó dẹ̀ á dẹ̀ pátápátá, á tún fà, títí tí ọrùn rẹ̀ lẹ́bàá họ́bù á fi ya. Apá tó le jù, ìyẹn ọ̀tún lẹ́yìn àti òsì níwájú níbi tí dísìkì wà, yẹ kí agbára tó fi fà wà láàárín kílò 100 sí 120 bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe rímù bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ hun kì í sábà le dọ́gba. Ẹ fi ọwọ́ fún sípóòkù méjì méjì. Bí ẹ bá rí èyí tó rọ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tò kẹ́ ẹ tó gùn ún. Kó tún un wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 100.

Rímù tó ní ògiri méjì nínú, tí fífẹ̀ inú rẹ̀ tó mìlímítà 25, á gba táyà íǹṣì 2.1 sí 2.4. Ẹ má ṣe da ara yín láàmú nítorí gíráàmù díẹ̀ tó bá fi wúwo ju òmíràn lọ.

Ọwọ́ ìfidì iwájú, apá ọ̀tún ni kó wà, kó jìnnà sí dísìkì. Ní 2015, wọ́n pe kẹ̀kẹ́ púpọ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí ọwọ́ ìfidì tó jẹ́ pé bó bá ṣí sílẹ̀, ó lè há sínú dísìkì iwájú kó sì dá ẹsẹ̀ dúró lójijì. Ẹ má sì fi fáìlì gé etí kékeré tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀kì: bíréèkì dísìkì lè máa ti ọ̀pá họ́bù jáde, etí yẹn ló ń dá a dúró.

Bí owó ò bá tó méjèèjì, ẹsẹ̀ iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró, họ́bù rẹ̀ kò sì ní fíríhọ́bù, torí náà kò wọ́n tó ti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn máa lo onírímù títí tí owó họ́bù tó dáa á fi pé.

Tiyín ní tòótọ́,
Atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan