Àkànní, kí ẹ tó pín dúkìá yín

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ gbogbo ohun tí o bá a sọ lórí fóònù fún mi. O ní orúkọ rẹ nìkan ló wà lórí ìwé ilé, inú owó oṣù rẹ ni báńkì ti ń yọ gbèsè rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ òfo ni ìyàwó rẹ máa bá jáde. Mi ò kọ̀wé yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ má túká. Bàbá rẹ ti bẹ̀ yín títí ó ti sú u, èmi náà sì ti sunkún tèmi tán. Ọ̀rọ̀ dúkìá ni mo fẹ́ bá ọ sọ, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé inú tó ń bí ọ fẹ́ kó bá ọ.

Orúkọ tó wà lórí ìwé kì í parí ọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ adájọ́ máa kọ́kọ́ wò ni ìgbà tí ẹ ra nǹkan náà àti ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Èyí tí ẹ ní lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí gbogbo ilé sì ń lò, àjọní ni wọ́n sábà ń kà á sí. Bí wọ́n ṣe ń pín in ló yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà ní Amẹ́ríkà, California àti Texas wà lára wọn, tí òfin ti ka ohun tí tọkọtaya bá ṣiṣẹ́ ní sí ti àwọn méjèèjì láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ní California, ọgbọọgba ni wọ́n ń là á sí méjì. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù nínú ìyókù, ohun tó bá tọ́ lójú adájọ́ ni. Ó lè jẹ́ ìdajì, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn kì í da dúkìá pọ̀ bí kò bá jẹ́ pé tọkọtaya fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kálukú ló ni tirẹ̀, àmọ́ tí ìkọ̀sílẹ̀ bá dé, wọ́n á ṣírò iye tí ọrọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan fi lé sí i láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ká ní tìrẹ fi 100,000 lé, tí ti ìyàwó rẹ fi 20,000 lé, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80,000, wàá sì san 40,000 fún un. Ilé lè máa jẹ́ tìrẹ lọ, kí o sì tún jẹ ẹ́ lówó. Ní Nàìjíríà, òfin 1970 tó wà fún ìgbéyàwó abẹ́ òfin ìjọba fún adájọ́ láṣẹ láti pín dúkìá bó ṣe rí i pé ó tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun lọ́wọ́ sí ríra ilé, wọ́n sábà máa ń ní kó mú ẹ̀rí wá.

Lọ́yà ibi tí ẹ ń gbé ló máa sọ èyí tó kàn yín. Lọ́yà tó bá sì ní gbogbo ẹ̀ lo máa gbà, nígbà tí o kò tíì ro ẹjọ́ rẹ tán, jọ̀ọ́, wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ rẹ kejì dùn mí ju ti ìwé ilé lọ. O ní kò ṣe nǹkan kan. Ta ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé? Ta ló ń jókòó tì wọ́n lóru tí ara wọn bá gbóná, tí ìwọ fi lè sùn kí o tó lọ síbi iṣẹ́? Ká ní kò sí i ni, ṣé o lè máa rin gbogbo ìrìn àjò iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ọ̀gá yẹn? Owó tí ẹ kò san fún olùtọ́jú ọmọ, ara owó tó ra ilé ni. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀. Ní 2000, àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ tọkọtaya àgbẹ̀ kan tí wọ́n ti lò ju 30 ọdún lọ pọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ojúsàájú láàárín ẹni tó ń mówó wọlé àti ẹni tó ń tọ́jú ilé àti ọmọ. Wọ́n ní kí adájọ́ tó fọwọ́ sí ìpín, kó kọ́kọ́ fi pípín ní ọgbọọgba wọ̀n ọ́n wò. Bó bá sì yà kúrò níbẹ̀, kó rí i pé ìdí gúnmọ́ wà.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ tìrẹ nìkan níbi púpọ̀: ohun tí o ti ní kí ẹ tó fẹ́ra, ogún, àti ẹ̀bùn tí wọ́n fún ìwọ nìkan. Owó tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún ọ bọ́ sí abẹ́ èyí. Ìbéèrè mi ni pé níbo ló wà? Bó bá ṣì dá wà nínú àkáǹtì tìrẹ, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ fi lára rẹ̀ tún òrùlé ṣe, o sì kó ìyókù sínú àkáǹtì tí ẹ jọ ń lò, tí owó oṣù ń wọ̀, tí owó iná àti owó ilé ìwé ń jáde nínú rẹ̀. Ìwọ tí o bá ní tìrẹ ni, ìwọ lo máa tọpa rẹ̀. Lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà ní báńkì láti oṣù tí owó yẹn ti wọlé, kí o fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó gbà. Ibi tí ìlà bá ti já, adájọ́ lè ní ó ti di tẹ̀yin méjèèjì.

Gbèsè náà ń bẹ nínú ohun tí ẹ máa pín, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Tí adájọ́ bá ní kí ìyàwó rẹ máa san gbèsè ọkọ̀ tí ẹ jọ fọwọ́ sí ní báńkì, àárín ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn. Báńkì ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá san, ìwọ ni wọ́n máa pè. Ẹ san án tán tàbí kí ẹ ní kí báńkì kọ ìwé tuntun ní orúkọ ẹnì kan kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Má sì jẹ́ kí ilé gba gbogbo ojú rẹ. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ, apá tó wọlé nígbà tí ẹ wà pọ̀, dúkìá ni níbi púpọ̀, ó sì lè tó ilé lọ́pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nìkan kì í tó láti pín owó ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ aládàáni. Adájọ́ máa ní láti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ mìíràn fún àwọn tó ń tọ́jú owó náà. Ilé tó tó 300,000, tí gbèsè 200,000 wà lórí rẹ̀, 100,000 ni, kó o tó yọ owó orí àti owó òrùlé tó ń jò. Bí o bá gba ilé, tí o fi gbogbo owó tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí lo máa fi tọ́jú rẹ̀?

Ó kù ti owó tí o ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ fi pa mọ́. Kò ní gbà á. Mo ti kìlọ̀ fún un. Ní ìparí 1996, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní California jọ dáwó ta lọ́tìrì, wọ́n jẹ, ìpín obìnrin kan nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù 1.3 dọ́là. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò pẹ́ ló kọ̀wé ìkọ̀sílẹ̀, kò sì dárúkọ owó náà nínú àkọsílẹ̀ dúkìá tó búra lé lórí. Lẹ́tà kan tí ilé iṣẹ́ kan kọ nípa owó lọ́tìrì ló ṣèèṣì dé ọ̀dọ̀ ọkọ. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe kó mú ìdajì. Adájọ́ kó gbogbo ẹ̀ fún ọkọ, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2001. Ìwọ ò tíì búra. Kọ owó yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ẹjọ́, wo orúkọ ẹni tí o kọ sílẹ̀ pé kó gba owó ìbánigbófò àti owó ìfẹ̀yìntì rẹ tí nǹkan bá ṣe ọ́, kí o yí i padà bó bá yẹ. Ní ti àga, àwo àti fọ́tò àwọn ọmọ, ẹ má gbé wọn dé iwájú lọ́yà, wákàtí ni wọ́n fi ń gba owó. Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà fún ara yín, kí o sì fi àga sílẹ̀ fún un.

Èmi ni ìyá rẹ.