Àwọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ife kì í ṣe idán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti fèsì sí lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ rí fídíò kan níbi tí omi inú ife ti ń pọ́n, tó ń di àwọ̀ aró, tó sì tún ń pọ́n padà léraléra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu nǹkan sí i. Ó ní idán ni, nítorí pé igi tó bá ti di eérú kì í padà di igi. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní Ilé-Ifẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n sọ fún ẹni tó kọ́kọ́ rí i.

Ní nǹkan bí ọdún 1951, Belousov, onímọ̀ kẹ́mísìrì ilẹ̀ Soviet, po kẹ́míkà méjì, bromate àti cerium, pọ̀ mọ́ ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́. Omi náà a di àwọ̀ ìyeyè, a mọ́ gaara, a tún di àwọ̀ ìyeyè. Àwọn olóòtú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ dá iṣẹ́ rẹ̀ padà pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ (ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin olóòtú), ó sì di 1959 kó tó rí ibi kékeré kan tẹ̀ ẹ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Zhabotinsky, ló tún un gbé yẹ̀ wò láti 1961. Nígbà tí Ẹ̀bùn Lenin, ẹ̀bùn ńlá ìjọba Soviet, fi máa kàn wọ́n ní 1980, Belousov ti kú láti ọdún 1970.

Òótọ́ ni pé eérú kì í di igi. Bromate àti ásíìdì inú ife náà ń dínkù bí epo inú fìtílà, wọn kì í padà. Àwọn èròjà agbedeméjì, tó ń jáde tó sì ń tán lójú ọ̀nà, ló ń lọ tó ń bọ̀: ọ̀kan ń bí sí i fúnra rẹ̀, ìkejì tó ń jẹ́ bromide sì ń dí i lọ́wọ́, bí bromide bá tán, ti àkọ́kọ́ a ya bo ife, àwọ̀ a yí, ìyípadà yẹn náà ni yóò sì tún mú bromide tuntun jáde.

Bí a bá da irú ti inú fídíò náà sínú àwo pẹrẹsẹ tí a kò rò ó, òrùka aláwọ̀ aró a máa fẹ̀ lórí omi pupa. Bí òrùka méjì bá pàdé, àwọn méjèèjì a kú, bí iná ọyẹ́ méjì tó kora lójú nínú igbó tí kò sí koríko mọ́ lẹ́yìn wọn.

Èyí tó wù mí jù ni ti Turing, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ọ́ ní 1952 pé èròjà méjì lè ya tótòtó bíi ti ara ẹkùn, bí èyí tó ń bí sí i bá ń rìn díẹ̀díẹ̀, tí adènà rẹ̀ sì ń yára. Ní 1990 ni wọ́n rí i ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, nínú ohun tó dì bí ẹ̀kọ. Sítáàṣì tí wọ́n fi sí i kí àwọ̀ áyódìn lè hàn ni a wá mọ̀ pé ó ń di èròjà tó ń bí sí i lẹ́sẹ̀ mú. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ wa pẹ̀lú ń fi láfún dá aró dúró níbi tí wọn kò fẹ́ kó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ló ń ya tiwọn.

Kí ẹni tó kọ lẹ́tà náà tún fídíò rẹ̀ wò, bí wọn kò bá gé e. Yóò rí i pé ní ìgbẹ̀yìn, àwọ̀ omi náà dúró sójú kan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kẹ́mísìrì tó ti fẹ̀yìn tì,
Mọ̀ọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀.